Àwọn Tó Lu Agogo Lọ́jọ́ Kùrukùru

                                                                                Ilé Etídò,
                                                                                Garthby,
                                                                                Yorkshire.
                                                                                Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1996.

Dulcie, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ìkókó tuntun tí o fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́? Mo gbé fọ́tò náà sí ilé ìdáná, gbogbo ẹni tó bá sì wọlé ló ń sọ pé imú bàbá rẹ ló gbé wáyé. Òtútù Kánádà kò ní rí yín gbé ṣe o. Ara tèmi le, àfi èjìká tó máa ń ro mí bí òjò bá ti ṣú. O sì mọ òjò tiwa níbí, kì í ṣú kó má rọ̀.

Mísì Hebden ti kú. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá la sin ín, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ pa ọ́, torí ìwọ lo sọ tíṣà wa ní Kánnákánná nítorí kóòtù dúdú tó máa ń wọ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Rọra rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, ó sì kàn ọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Mo ti búra fún un pé n kò ní sọ ọ́ níwọ̀n ìgbà tó bá wà láyé.

O rántí yìnyín ńlá ọdún 1947, nígbà tó bo àwọn ògiri òkúta mọ́lẹ̀ tí a ń rìn lórí wọn bí ẹni ń rìn lójú títì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọkọ̀ búrẹ́dì kò fi dé Garthby. Pọ̀tétò ni a ń jẹ láàárọ̀, pọ̀tétò lálẹ́, ìyá mi sì ní kí a dúpẹ́ pé iyọ̀ ṣì wà. Ìwọ ò rántí ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ, torí èéyí dá ọ mọ́lẹ̀. Bàbá rẹ àti Silas àbúrò rẹ̀ gun òkè lọ láàárọ̀ láti wú àwọn àgùntàn tí yìnyín bò mọ́lẹ̀. Àwọn ọkùnrin yòókù ti lọ la ọ̀nà ọjà. Nígbà tó di ọ̀sán, kùrukùru sọ̀ kalẹ̀, ó sì nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò lè rí ilé ẹ̀kọ́ láti ẹnu géètì rẹ̀.

Èmi nìkan ló kù ní kíláàsì. Ìjìyà ni mo ń jẹ, torí Mísì Hebden ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń sín ìrìn rẹ̀ jẹ. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ já wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ó ní òun ti pè, òun ti pè títí ohùn òun fi há, kò sẹ́ni tó dáhùn láti òkè. Bí ọkùnrin méjèèjì bá ṣìnà, ibi ọ̀gbun òkúta ni ẹsẹ̀ wọn yóò gbé wọn lọ. Mísì Hebden gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

Ó ní, "Padà sọ́dọ̀ ọmọ ẹ, ìyá Dulcie. Dáná tó pọ̀. Ìwọ Thirza, wọ kóòtù ẹ, a fẹ́ lọ lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n lè máa tẹ̀ lé ìró rẹ̀ bọ̀ wálé."

Ọ̀dọ̀ Jabez Kearton ni a kọ́kọ́ lọ, bàbá tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, tó tún ń gbẹ́ sàréè. Orí ibùsùn ni a bá a, làkúrègbé ti mú un, ìka rẹ̀ wú bí kárọ́ọ̀tì. Ó fẹ́ dìde, kò lè dìde. Ló bá bú sẹ́kún. Ilé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbé, bí àlùfáà bá sì gbọ́ pé kò lè fa okùn agogo mọ́, ẹlòmíì ni wọn yóò gbà, ẹlòmíì náà ni yóò sì gba ilé.

Mísì Hebden ní, "Bàbá, ẹ sunkún tó bá yá. Kọ́kọ́rọ́ dà? Báwo ni wọ́n ṣe ń lù ú?"

Jabez ní, "Ẹ má bá a jà o, tíṣà. Obìnrin ni agogo yẹn. Ẹ jẹ́ kó lọ, kó padà wá fúnra ẹ̀, kí ẹ tó tún fà á."

Dulcie, nǹkan bí aago méjì la bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ wa ò ṣọ̀kan rárá, agogo ń pariwo bí ìkòkò tó já lulẹ̀. Ni Mísì Hebden bá ní kí a máa ka ìṣirò kí ọwọ́ wa lè bára mu. Méje lọ́nà kan, méje. Méje lọ́nà méjì, mẹ́rìnlá. A ń fa okùn lẹ́ẹ̀kan fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ti ka á dé méjìlá, a ó mí, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di aago mẹ́ta, àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó. Ó fi ìborùn rẹ̀ wé e fún mi, òun sì ń fi ọwọ́ lásán fà á. Mo rí ẹ̀jẹ̀ lára okùn. Mo ní ó ti rẹ̀ mí. Ó ní ó rẹ òun náà, kí a tún ka méje.

Aago márùn-ún ku díẹ̀ ni a gbọ́ igbe ìyá rẹ láti òpópónà. Bàbá rẹ ló ń bọ̀, ó gbé Silas tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn. Mo fẹ́ sáré jáde lọ bá wọn, Mísì Hebden dì mí mú.

"Jabez ló lu agogo lónìí. Ṣé o gbọ́?"

"Ṣùgbọ́n Mísì, irọ́ nìyẹn."

"Mo mọ̀. Èmi tí mo máa ń nà yín torí irọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Báyìí ni gbogbo Garthby ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ Jabez, tó sì kú sínú ilé rẹ̀ ní ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà. Mísì Hebden padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, àwa ọmọ sì ń pè é ní Kánnákánná lọ. Mo bá wọn pè é, Dulcie. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n bàbá rẹ mọ̀! Ìgbà tí mo ń gbé ọbẹ̀ lọ fún Mísì Hebden lọ́dún tó kọjá ló tó sọ fún mi. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé ọjọ́ náà, bàbá rẹ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ṣí fìlà. Ó ní òun ka agogo lórí òkè, méjìlá méjìlá ló ń dún kó tó sinmi, Jabez ò sì lu agogo bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ó ní, "Ọmọ mi ń ka ìṣirò létí mi lálaalẹ́, Mísì. Mo mọ ìlù yín." Mísì bẹ̀ ẹ́ kó má sọ, kò sì sọ, kódà fún àbúrò rẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà náà títí bàbá rẹ fi kú, igi ìdáná kò tán lẹ́yìn ilé Mísì rí, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń là á.

Ọjọ́ ọbẹ̀ yẹn ni mo tó dúpẹ́ lọ́wọ́ Mísì. Ó ní méje lọ́nà mẹ́jọ kì í ṣe mẹ́rìnléláàádọ́ta, pé gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo fi ń ṣì í, òun ò kàn ráyè bá mi wí.

Ènìyàn mọ́kànlá ló wá síbi ìsìnkú. Nígbà tí àlùfáà ní bóyá ẹnìkan ní ọ̀rọ̀, mo dìde, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Silas wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. A jáde lọ mu tíì, a wá a tì. Etí sàréè ni mo bá a, ó ṣí fìlà nínú òjò, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ tòjò níbẹ̀.

Ó ní, "Thirza, ọdọọdún ni mo ń gbé pẹ́pẹ́yẹ Kérésì lọ fún Jabez. Mẹ́fà ni ọ̀bàyéjẹ́ yẹn jẹ, kò wí kinní kan." Ẹ̀rín wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún. Ó fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀, ó rọra kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, tòun ti ẹsẹ̀ burúkú yẹn, ó ní, "Ẹ ṣeun, Mísì."

Bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo ilé. Fi ẹnu ko ìkókó lẹ́nu fún mi.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré títí dòní,
Thirza Alderson.