Harlan Ń Dúró De Bàbá

Ambrose àbúrò mi,

Mo kí ìwọ, ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ lọ́hùn-ún ní Kalifọ́níà. Ápù wa so dáadáa; orúnkún mi nìkan ni kò gbádùn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ, Harlan, ni apá mi ò ká mọ́. Látìgbà tó ti ta ilé iṣẹ́ irin rẹ̀, àràárọ̀ ló ń fi àmì-ẹ̀yẹ ogun sáyà, á jókòó sẹ́nu yàrá ìwé Bàbá bí ìgbà tí wọ́n ṣì jẹ́ Ààrẹ, á máa bi mí pé:

“Cornelia, ṣé Ààrẹ ti ráyè? Mo fẹ́ kí wọ́n rí àmì-ẹ̀yẹ yìí.”

Bàbá sì ti kú kí Harlan tó lọ sógun. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣọ̀fọ̀. “Wọ́n ṣì ń gbàlejò” ni mò ń wí báyìí.

Olúwa á pa yín mọ́. Jọ̀ọ́, wọ ọkọ̀ ojú irin wá. Ohùn rẹ ló jọ ti Bàbá. Dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, kí o pè é wọlé.

Cornelia