Ilé Tí Mo Fi Ta Ìyá Rẹ Lọ́rẹ

Akọ̀wé mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé ọ̀gá rẹ ti yéé jágbe mọ́ ọ? Ọlọ́run tó mú ọ kúrò nílé láìfarapa yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, ẹsẹ̀ rẹ ò sì ní ṣì rìn nílùú tí gbogbo èèyàn ti ń sáré yẹn. Ara tèmi náà le, àyàfi orúnkún tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ìyá rẹ wà ní àlàáfíà. Ó tiẹ̀ ti sanra sí i, torí pé ó di onílé.

Má jáyà, màá ṣàlàyé. Ṣé o rántí ọkùnrin tó ní òun fẹ́ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tó ní kí n kan àga ìjókòó àwọn ọmọ? Mo kàn án tán, ó kó o lọ, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwìn ni mo ra pákó rẹ̀ lọ́wọ́ onípákó ẹ̀yìn afárá, onípákó ò sì mọ oníléèwé kankan, èmi ló mọ̀. Nígbà tó sú u, ó ní òun ń gbé mi lọ sí kóòtù, pé bí mi ò bá lówó, òun máa gba ilé tí mò ń gbé, òun á sì tà á. Oorun dá lójú mi. Ilé yìí nìkan ni mo ní láyé, inú rẹ̀ la bí ọ sí, bó bá sì lọ, mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ìyá rẹ sí.

Ni mo bá fi ọ̀rọ̀ lọ ọkùnrin tó ń ṣe fọ́tókọ́pì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù, torí ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ìwé àwọn agbẹjọ́rò ń gbà kọjá, mo sì gbà pé kò sí bí òfin ò ṣe ní ta sí i lára. Ó ní kí n fi ilé ta ìyá rẹ lọ́rẹ, pé ohun tí kì í ṣe tèmi, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ mi. Ojú ẹsẹ̀ ló bá mi tẹ ìwé rẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo fún un nílé nítorí ìfẹ́ àti ìkẹ́ tí mo ní sí i. Nígbà tí mo kà á, omi lé sí mi lójú. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ìyá rẹ, mi ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ọkùnrin náà tún fi fóònù rẹ̀ ya ìwé ọ̀hún, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ ọ́ jáde, torí bí fóònù yẹn bá jábọ́ sómi, ilé mi ti lọ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé bébà lé mi lọ́wọ́, ọkàn mi wá balẹ̀.

Èrò tèmi ni pé orí bébà lọ̀rọ̀ náà máa mọ. Ìyá rẹ ò rò ó bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe kà á sí i létí tán, ó ká a, ó tì í mọ́ àpótí aṣọ rẹ̀, ó sì ní kí n kó tábìlì iṣẹ́ mi kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun o. Ó kun ilẹ̀kùn àbáwọlé ní búlúù. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kan ìṣó mọ́ ògiri gbọ́dọ̀ gbàyè lọ́wọ́ onílé. Àbúrò mi bíríkìlà bi mí níṣojú rẹ̀ pé ṣé mò ń sanwó ilé, mo ní kó jọ̀ọ́, kó má fi kọ́ ìyá rẹ.

Kóòtù lọ̀rọ̀ ti wá bí mi nínú. Agbẹjọ́rò onípákó dìde, ó ní màgòmágó ni ìwé náà, kò sí ìfẹ́ kankan níbẹ̀. Akọ̀wé, èmi tí mo fọwọ́ ara mi kan ibùsùn tí ìyá rẹ ń sùn lé, tí mo fi ìfági fá a títí tó fi dán kí aṣọ rẹ̀ má bàa há. Kí ló kan onípákó nínú ìfẹ́ wa? Mo ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀, mo sì ti múra. Mo mú fọ́tò ìgbéyàwó wa dání. Mo mú àbúrò mi wá kó jẹ́rìí pé mi kì í fọwọ́ kan oúnjẹ bí ìyá rẹ ò bá tíì jókòó. Mo mú nọ́ọ̀sì àgbà tó gbẹ̀bí rẹ wá, kó sọ bí mo ṣe sunkún ju ìwọ tí wọ́n bí lọ. Adájọ́ ní kí gbogbo wọn jókòó.

Agbẹjọ́rò wá fi pẹ̀lẹ́tù bi mí pé ìgbà wo gan-an ni ìfẹ́ ọ̀hún dé. Mo ti búra, mi ò sì lè parọ́. Mo ní, "Olúwa mi, ọjọ́ tí onípákó ní òun máa gba ilé mi gan-an ni. Bí mo ṣe gbọ́ ọ báyìí ni ìfẹ́ ìyàwó mi kì mí mọ́lẹ̀." Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Agbẹjọ́rò ní òun ò ní ìbéèrè mìíràn, ó jókòó, mo sì rò pé mo ti fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀. Àṣé àfọwọ́fà ni mo ṣe.

Adájọ́ kọjú sí ìyá rẹ, ó ní ṣé lóòótọ́ ló gba ilé yìí. Ìyá rẹ dìde, ó fọwọ́ tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó ní, "Mo gbà á, Olúwa mi, mo tiẹ̀ ti kun ilẹ̀kùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n a jẹ onípákó lówó. Ẹ̀bùn tí mo ní láti máa sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn nítorí rẹ̀, mi ò fẹ́." Ojú tì mí, inú mi sì tún dùn pé èmi ni mo fẹ́ ẹ.

Adájọ́ fagi lé ìwé náà, ilé padà sórúkọ mi, ó ní bí mi ò bá wá ọ̀nà tí mo máa gbà sanwó, onípákó lè tà á. Ìyá rẹ ló lé onípákó bá níta. Kò bẹ̀ ẹ́, ó kàn bi í pé ta ló máa ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé ilé tó ń kọ́ lọ́wọ́. Ọkùnrin náà wò mí títí, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ mi ò ní àbùkù, ẹnu mi ni òun ò gbà gbọ́. Bí a ṣe padà wọlé lọ ṣe àdéhùn níwájú adájọ́ nìyẹn: mò ń ṣiṣẹ́, ó ń yọ ọ́ nínú gbèsè, wọn ò sì ní ta ilé. Gbèsè ti lọ sílẹ̀ dáadáa. Ó ti ń bu tíì fún mi báyìí bí mo bá débẹ̀.

Ara tù wá, ọmọ mi. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní búlúù. Ìwé sọ pé èmi ni mo nilé, ṣùgbọ́n lánàá tí mo fẹ́ kan ìṣó tí màá fi gbé fọ́tò ìgbéyàwó wa kọ́, mo ṣì lọ gbàyè lọ́wọ́ ìyá rẹ. Ó ní kí n gbé e sókè díẹ̀ sí i.

Ẹ̀bẹ̀ mi wá rèé. Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí èyí tó kù lè yá tán. Gba báǹkì fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n yéé kọ̀wé sí mi lórí fóònù ní gbogbo ìgbà, a ò tíì mọ ara wa tó bẹ́ẹ̀. Má sọ èyí tí mo fẹ́ sọ yìí fún ìyá rẹ. Lọ́jọ́ tí gbèsè bá tán, tí ẹnikẹ́ni ò lé mi, màá padà lọ bá onífọ́tókọ́pì, màá ní kó tún ìwé yẹn tẹ̀, kó má yí ọ̀rọ̀ kan padà níbẹ̀. Òótọ́ lọ̀rọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀, ọjọ́ tí mo sọ ọ́ ni kò dáa.

Ọlọ́run yóò fún ọ nílé tìrẹ, ilé tí o ò ní fi orúkọ ẹlòmíràn bò mọ́lẹ̀. Ẹni tó máa fẹ́ràn rẹ ò ní dúró di ọjọ́ tí olówó bá kanlẹ̀kùn kó tó sọ ọ́ fún ọ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
ayálégbé ìyá rẹ.