Ẹni Tí O Fi Sílẹ̀ Nínú Koríko

Ọkọ mi, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ẹ, mo kí ẹ, mo tún ẹ kí. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ò wọ̀ ẹ́ lọ́rùn jù? Òrùlé yàrá rẹ tí o ní ó ń jò ńkọ́? Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ilẹ̀ á gbà ẹ́ níbẹ̀, ọ̀gá tó bá ń wò ẹ́ ní ìwòkuwò, ojú rẹ̀ á là. Àwa náà wà dáadáa níbí, àyàfi orúnkún bàbá rẹ tó máa ń dùn wọ́n bí òjò bá ṣú, àti èmi tí ojú ò jẹ́ kí n tètè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Ọpẹ́ náà ló yẹ wá.

Ẹrù tí o fi rán awakọ̀ ti tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìkóríta ló wá bá wa so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó ní géèmù tí o máa ń gbá nílé yìí kan náà ni, wọ́n kàn tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀ ni, bí ìgbà tí èèyàn tú aṣọ àtijọ́ wò tó wá fi gé aṣọ tuntun. Mo ní ìyẹn yé mi. Èyí tí ò yé mi ni ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ ní o rán òun, pé nígbà tí tuntun ti dé, ká gbé ti àtijọ́ fún ọmọkùnrin náà kó lọ tú u, kó yọ ohun tó bá wúlò nínú rẹ̀. Mi ò gbé e fún un o. Ó ti padà wá béèrè, mo ní kó lọ sinmi. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, kó o má bàa ní ìyá rẹ ti di olóríkunkun.

Mi ò ní purọ́, tuntun yìí dára. Ṣé o rántí pé Bọ̀dá Arákòrò, bí a ṣe máa ń pe ọkùnrin inú géèmù náà tó ń fàyà fà kọjá lára àwọn ẹ̀ṣọ́, kò lójú gidi tẹ́lẹ̀? Ó dà bí amọ̀ tí wọ́n fọwọ́ ra. Ní báyìí ó lójú, ó nímú, irùngbọ̀n rẹ̀ ṣeé kà. Koríko tó jẹ́ àwọ̀ ewé lásán tẹ́lẹ̀ ti wá ń mì, ewé kọ̀ọ̀kan dá dúró. Aṣọ rẹ̀ ni mo yẹ̀ wò jù, torí iṣẹ́ mi ni. Ti àtijọ́, ńṣe ni wọ́n kùn ún mọ́ ọn lára bí ọ̀dà. Ti tuntun lójú rírán, ìlọ́po méjì ni wọ́n rán an níbi itan, mo gbóṣùbà fún télọ̀ wọn. Àmọ́ bó bá fi kọ́ ẹ̀gún, ó ya nìyẹn, bó bá sì rá nínú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ á gbẹ mọ́ ọn lára. Kò sẹ́ni tó máa bá a lẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ kan wà tó máa ń pè é lórí rédíò, iṣẹ́ ló ń rán an ṣáá, kò bi í rí bóyá ó ti jẹun. Mo ní kí ọmọkùnrin náà bá mi bá ọ̀gá yẹn sọ̀rọ̀, ó ní kò ní gbọ́. Bí ọ̀gá ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn.

Ní ti bàbá rẹ, ẹ̀yìn àwọn ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n wà. O mọ̀ pé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n fi tọ́ ẹ, ẹnu géètì ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n dúró sí títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Géèmù àtijọ́ máa ń bí wọn nínú, torí bí Bọ̀dá Arákòrò bá kan ògiri kó kó kó, ẹ̀ṣọ́ á wá wò, á ní kò sí nǹkan, á sì padà síbi tó wà. Bàbá rẹ á ní ta ló gba irú oníranù yìí síṣẹ́. Àmọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ tuntun ń wòkè, wọ́n ń wo abẹ́ tábìlì, wọ́n sì ń pe ara wọn. Bàbá rẹ ní ó hàn pé wọ́n ti rán wọn lọ kọ́ṣẹ́. Èmi ni mò ń tẹ páàdì géèmù yìí. Bí mo bá ti fi Bọ̀dá Arákòrò pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, màá padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Bí ẹ̀ṣọ́ bá wá sún mọ́ ọn, màá dá ẹsẹ̀ dúró kí wọ́n má bàa gbọ́ ariwo ẹ̀rọ, bàbá rẹ á sì mọ̀ọ́mọ̀ wúkọ́ kí wọ́n lè gbọ́. Ìyàwó tíṣà wá gba búláòsì rẹ̀, ó bá a lápá kan. Mo ṣàlàyé pé ẹ̀ṣọ́ ni ò kúrò nítòsí. Ó wò mí títí, ó ní òun á padà wá.

Ohun kan wà nínú tuntun yìí tí ò bá mi lára mu. Ní ti àtijọ́, láti òkè la ti ń wo Bọ̀dá Arákòrò, bí ẹni tó wà lórí òrùlé, a máa ń rí ẹ̀ṣọ́ kí ẹ̀ṣọ́ tó rí i, ọkàn mi á balẹ̀. Ní tuntun, ẹ̀yìn rẹ̀ la wà. Ìpàkọ́ rẹ̀ ni mò ń rí, àti báàgì tó gbé kọ́ ẹ̀yìn, mi ò mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ìpàkọ́ rẹ ni mo rí kẹ́yìn lọ́jọ́ tí o wọ ọkọ̀ lọ. O ò bojú wẹ̀yìn. Mi ò fi bú ẹ o, mo mọ̀ pé bí o bá bojú wẹ̀yìn, o ò ní lè lọ mọ́. Ṣùgbọ́n àìmọye ìgbà ni mo ti gbé páàdì sílẹ̀ tí mo ń fi etí aṣọ nujú, bàbá rẹ á wá ní ṣé wọ́n ti mú un ni.

Lọ́jọ́ tí ọmọkùnrin náà fẹ́ gbé ti àtijọ́ lọ, ó kọ́kọ́ tàn án wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ la ti rí i. Bọ̀dá Arákòrò dojú bolẹ̀ nínú koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Ọmọkùnrin náà ní ibi tí o gbá a dé kó o tó lọ nìyẹn, pé ẹ̀rọ náà ló bá ẹ tọ́jú rẹ̀. Mo ní látọjọ́ yìí? Ó ní látọjọ́ yìí. Ọkọ mi, gbogbo ọdún tí o ti lọ, òjò òun ẹ̀ẹ̀rùn, ó wà níbẹ̀, kò dìde, ó ń dúró kó o wá mú òun lọ. Bàbá rẹ alára, tí wọ́n jẹ́ alátìlẹ́yìn ẹ̀ṣọ́, ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mo padà sórí tuntun, mo ń wá ibi tí o dúró sí nínú òun náà. Kò sí. Ewé pé, ojú rírán pé, àwọn ẹ̀ṣọ́ gbọ́n, ṣùgbọ́n o ò débẹ̀ rí.

Ìdí tí mi ò fi lè gbé ti àtijọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Kí n má fi bò fún ẹ, àárò rẹ ló ń sọ mí. Fóònù ń gbé ohùn rẹ wá, àmọ́ ohùn ò ṣeé gbá mọ́ra. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀bùn rẹ dùn mọ́ wa, a dúpẹ́, o ò ní ráhùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀bùn ni mo bí.

O mọ̀ pé n kì í parí ìwé láìtọrọ owó. Lọ́tẹ̀ yìí, owó ọkọ̀ ni. Má fi rán awakọ̀, má sì fi sí báńkì, torí ọmọge ibẹ̀ ti jẹ́wọ́ fún mi pé kì í ṣe owó tí ìwọ fi sí i gan-an ni wọ́n ń kó fún mi, ti ẹlòmíràn ni, mi ò sì fẹ́ máa ná owó olówó. Mú un dání, fi wọ ọkọ̀, kó o máa bọ̀ nílé, kó o wá gbé ẹni yẹn dìde fúnra rẹ.

Ọ̀nà á là fún ẹ. Ẹsẹ̀ tó gbé ẹ lọ náà ló máa gbé ẹ dé, a ò ní fojú wá ẹ tì. Bàbá rẹ ní bí o bá ń bọ̀, kó o má yọ́ wọlé o. Wọ́n ní gbogbo ọdún tí àwọn fi ṣe ẹ̀ṣọ́, àwọn ò rí ẹnì kankan mú, ìwọ làwọn fẹ́ mú.

Èmi ìyá rẹ, tí ojú ń wá ẹ.