Sáfà Tó Ń Dákú

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tí mò ń bójú tó, tún dákú láàárọ̀. Inú rẹ̀ ni gbogbo àkọsílẹ̀ aláìsàn ilé ìwòsàn wa wà — àwọn nọ́ọ̀sì kàn dúró ni, wọn ò mọ ẹni tó ń lo oògùn wo. Mo pa á, mo tún tàn án. Ohun tó kọ sílẹ̀ kó tó kú: mẹ́mórì, àyè tí àwọn ètò fi ń ṣiṣẹ́, ti tán. Ọ̀gá Kíákíá (èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò mọ̀) ní ètò tuntun tí Ìyá Ìbejì, akẹgbẹ́ mi, kọ ló ń jẹ ẹ́. "Kó tó dé, ṣé ó ń kú báyìí?" Ìyá Ìbejì wà níbẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ó tún kú. Ọ̀gá ní kí Ìyá Ìbejì máa lọ sílé ná. Ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Bó bá jẹ́ ètò mi ni, mo gbà." Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo yọ ètò rẹ̀ kúrò pátápátá. Mẹ́mórì ṣì ń lọ sílẹ̀. Áà! Mo ro ohun tí gbogbo ètò tó kù ń lò pọ̀ — kò tó ìdajì. Ta ló wá di ìyókù mú? Kẹ́nẹ̀lì! Ètò àgbà inú sáfà, òun tó ń pín mẹ́mórì fún gbogbo ètò yòókù. Olùpín gan-an ló ń jẹ ẹ́. Mo sọ fún Ọ̀gá. Ó ní kí n yé gbèjà ọ̀rẹ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Mò ń wá a. Orí ń fọ́ mi.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo rí i! Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun, èyí tó so sáfà pọ̀ mọ́ àwọn kọ̀ǹpútà yòókù. Dírafà rẹ̀, ètò kékeré tó ń gbé inú kẹ́nẹ̀lì — bí ìsọfúnni bá ti wọlé, á yá àyè díẹ̀ nínú mẹ́mórì, kò ní dá a padà. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ta ló ní ká ra káàdì ọ̀hún, lọ́sẹ̀ kan náà tí ètò Ìyá Ìbejì dé? Ọ̀gá Kíákíá. Mo ti fi dírafà tí àwọn tó ṣe káàdì náà tún ṣe rọ́pò rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo ti dá ètò Ìyá Ìbejì padà, mẹ́mórì sì dúró digbí. Mo fi han Ọ̀gá. Ó wò ó títí. Mo rò pé yóò jágbe. Fóònù ló gbé, níwájú mi: "Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú. Mo ṣì yín mú ni." "Ẹ" kẹ̀! Ọ̀gá tí kì í fi "ẹ" kí ẹnikẹ́ni nínú wa. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí obìnrin náà béèrè ni bóyá aláìsàn kankan jìyà nígbà tí sáfà kú. "Èmi fúnra mi ò tíì béèrè ìyẹn."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ìyá Ìbejì wọlé láàárọ̀ yìí. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ dìde kí i.