Kànga Tí Ẹ Kọ Pé Kò Sí

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́ ti mú ẹsẹ̀ Màmá fúyẹ́. Lánàá, wọ́n tún bi mí pé: "Ṣé Àbíkẹ́yìn ti jẹun?"

Àwòrán ilé tí yóò gba ogún ìdílé, tí ẹ fẹ́ kọ́ sórí ilẹ̀ wa, ti dé orí tábìlì mi ní káńsù. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè bóyá kànga wà, ẹ kọ "Kò sí." Àwa méjèèjì la fi pákó bò ó, nígbà tí àwọn ará àdúgbò kò rí Àbíkẹ́yìn, àbúrò wa tó já sínú rẹ̀, gbé jáde. Pápá ìṣeré ọmọdé lẹ yà síbẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kọ kí ìgbìmọ̀ tó jókòó ní Ọjọ́bọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi yóò fi bírò pupa ya kànga náà.

Kí ẹnikẹ́ni má kọ "Kò sí" nípa ọmọ yín láéláé.

Àbúrò yín tó kù.