Ẹrù Tí Àǹtí Jókòó Lé

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní géètì ilé-iṣẹ́ tó ń fi pòròpórò àgbàdo ṣe epo ọkọ̀. Èmi ni mò ń yẹ ẹrù wò: gbígbẹ kó wọlé, tútù kó padà. Ọ̀gá mọ ìdí tó fi mú mi. Èmi náà ti tà fún un rí — gbígbẹ lókè, tútù nísàlẹ̀ kó lè wúwo lórí ìwọ̀n. Ó ní ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ń fi tútù pamọ́ sí lòun ń wá. Mi ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ tàbí kí n bínú. Mo dúpẹ́.

Ìṣẹ́gun, 4
Mo dá ẹrù mẹ́fà padà. Wọ́n ti sọ mí ní Ìyá Ọ̀gbẹlẹ̀.

Ọjọ́rú, 5
Àǹtí dé — ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Ọkùnrin méjì ń ti ọmọlanke, òun jókòó lórí ẹrù bí ẹni jókòó sórí àga. "Ìyàwó wa, ṣé kí n sọ̀kalẹ̀ ni?" Ta ló máa ní bẹ́ẹ̀ ni? Mo fa méjì yọ lókè. Gbígbẹ. Ó wọlé.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ẹ̀rọ há látàárọ̀. Tútù ló dì mọ́ ọn lọ́fun. Ọ̀gá ní bó bá tún há, kí n máa lọ sílé. Mo mọ ẹrù tó fà á. Mo mọ ẹni tó jókòó lé e.
Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní kí n bá ẹ̀gbọ́n òun sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mo ní kó lọ bá a sọ ọ́. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun.

Ọjọ́ Ajé, 10
Àǹtí tún dé, pẹ̀lú agboòrùn. Mo kúnlẹ̀ kí i. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ — ìdì ìsàlẹ̀ ló dojú kọ mi yìí! Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. "Ilé ńkọ́, mà? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Ó ń kà wọ́n fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ mi ti wọlé dé ìgbọ̀nwọ́. Omi. Mo ní, "Àǹtí, ìsàlẹ̀ yín tutù." Àwọn tó ń ti ọmọlanke rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ó fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Mo dá ẹrù náà padà.

Ìṣẹ́gun, 11
Ọkọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹtì, 14
Àǹtí fẹsẹ̀ rìn wá, ẹrù níwájú. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó di apá mi mú: "Dúró kí mi." Ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti wọlé wọn, kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo kúnlẹ̀.
Òkè gbẹ. Ìsàlẹ̀ gbẹ. "Ó tó, ìyàwó, dìde." Mo ní ó ku àwọn ọmọ-ọmọ yín, mà, ṣé wọ́n wà dáadáa? Ọwọ́ mi ń lọ. Àárín — omi rin ín gbingbin.
Mo dá a padà. Ẹ̀rọ ò há. Ọ̀gá ní géètì ti di tèmi. Àǹtí ní láti òní lọ, kí n máa kí òun lórí fóònù.