Agolo Òògùn Yín àti Àwọn Adìẹ PK8

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn jù,

Lábù ni mo ti ń kọ ìwé yìí sí yín. Ọ̀sán ni, òjò ń rọ̀, àwọn àwo mi sì wà nínú àpótí olóoru tí a máa ń kó wọn sí kí àwọn kòkòrò inú wọn lè pọ̀ sí i. N kò ní nǹkan mìíràn láti ṣe títí wọn yóò fi hù. Ẹ rántí pé iṣẹ́ mi yìí máa ń pa yín lẹ́rìn-ín. Bí àlejò bá dé sí ṣọ́ọ̀bù yín ní àdúgbò Akébé, tí ó béèrè ohun tí ọmọ yín obìnrin ń ṣe, ẹ ó fi ìṣó tí ẹ ń wọ̀n sílẹ̀, ẹ ó ní ó ń dáná fún kòkòrò. Ó ń fún wọn ní oúnjẹ àárọ̀, ó ń fún wọn ní talẹ́, ìjọba sì ń sanwó fún un. N kò bínú sí i rí.

Ẹ̀gbọ́n mi Làmídì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù báyìí. Ó gbé àga yín sẹ́yìn, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e. Adìẹ tó kù nílé wa ní PK8 jẹ́ mọ́kànlá. Èyí tó ń tiro ti yé ẹyin sábẹ́ páànù tó gún yín lẹ́sẹ̀. A kò tíì gbé páànù náà kúrò níbẹ̀. N kò mọ ìdí rẹ̀.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé ẹ bi mí ní ìbéèrè kan ní ilé ìwòsàn, mo sì parọ́ fún yín. Lọ́la, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo gbọ́dọ̀ fún ìbéèrè náà ní ìdáhùn òtítọ́ níwájú àwọn èèyàn yín. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ agolo bisikíìtì búlúù yẹn ni. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ló ti wà lórí pẹpẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àgádágodo. Ẹni tó bá ṣàìsàn nínú àwọn ará wa, tí ara rẹ̀ sì yá kí òògùn tó tán, yóò kó ìyókù wá sínú rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé sí ìlú àjèjì yìí, tí kò tíì ní ìwé, tí ẹ̀rù ilé ìwòsàn sì ń bà á, yóò rí nǹkan lò. Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, bí ara bá ti fúyẹ́, kí ó dá a dúró, kí ó dá ìyókù padà fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Òfin yín nìyẹn. Ẹ kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọ̀ ni ẹ fi ń to àwọn kápúsù náà, bí ẹ ṣe ń fi gígùn to ìṣó.

Èmi mọ ohun tó burú nínú rẹ̀ láti ọdún kejì mi ní yunifásítì. Kí ló dé tí n kò sọ? Ọmọ kì í bá bàbá rẹ̀ wí níwájú àlejò, ṣọ́ọ̀bù yín kò sì ṣàìní àlejò rí. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbìyànjú rẹ̀ nílé, tí mo ní àwọn kòkòrò máa ń yí padà láti ìran dé ìran, ẹ rò pé mo fẹ́ sọ pé ọ̀bọ ni Ànábì Ádámọ̀. Ẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ó rọ̀ mí lọ́rùn láti má tún dán an wò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ báyìí bó ṣe yẹ kí n ti ṣàlàyé rẹ̀ nígbà náà. Kòkòrò kan tí ojú kò lè rí máa ń pín ara rẹ̀ sí méjì. Méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n lè pọ̀ ju gbogbo èèyàn ìlú yìí lọ. Wọ́n jọra, ṣùgbọ́n wọn kò rí bákan náà tán, nítorí àṣìṣe díẹ̀díẹ̀ máa ń wọ inú pípín yẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣe kòkòrò náà láǹfààní, òmíràn tilẹ̀ ń pa á. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan á jẹ́ irú èyí tí òògùn kan kò fi ní lè pa á. Òògùn kọ́ ló kọ́ ọ. Ó ti rí bẹ́ẹ̀ kí òògùn tó dé. Òògùn á wá dé, á pa àwọn yòókù, á sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn ọmọ náà á sì jogún àṣìṣe yẹn. Òògùn tí kò pé, tàbí èyí tí a lò fún àìsàn tí kì í ṣe tirẹ̀, kò ṣe ju pé kí ó máa gbá ilẹ̀ fún wọn lọ.

Ẹ máa ń sọ pé kápúsù pupa-òun-dúdú inú agolo yẹn ti mọ́ yín lára ni kò fi ṣiṣẹ́ mọ́. Ara yín kọ́, Bàbá. Ara yín kò yí padà. Àwọn kòkòrò inú rẹ̀ ni kì í ṣe àwọn ti àtijọ́ mọ́.

Nígbà tí páànù gún yín lẹ́sẹ̀, ẹ fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ lo òògùn láti inú agolo fún ọjọ́ mẹ́ta, ó fúyẹ́, ẹ dá a dúró. Ẹ kò sọ fún mi. Nígbà tí mo fi rí ẹsẹ̀ náà, ó ti wú dé orúnkún, ara yín sì gbóná bí iná. Èmi ni wọ́n gbé àwo yín, èyí tí wọ́n fi ọyún ẹsẹ̀ yín sí, fún ní lábù. Orúkọ yín wà lẹ́yìn rẹ̀. A máa ń to ìwé róbótó kéékèèké tí a ti rẹ sínú òògùn sórí àwo, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òògùn tirẹ̀. Níbi tí òògùn bá ti lágbára, kòkòrò kò ní lè hù, àyíká ìwé náà á mọ́ bí òṣùpá. Lórí àwo yín, wọ́n hù dé etí gbogbo ìwé náà àfi ọ̀kan. Òògùn ọ̀kan yẹn kò sí ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí Làmídì fi rí i rà, àwọn kòkòrò náà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ yín.

Kí òògùn náà tó dé ni ẹ bi mí ohun tó ń ṣe yín. Mo wá fi àwọn adìẹ yín ṣàlàyé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, funfun ló pọ̀ jù nínú wọn, ẹ sì fẹ́ràn funfun. Ṣùgbọ́n òròmọdìẹ funfun máa ń hàn lórí ilẹ̀ pupa, àwọn ni àṣá ń gbé. Àwọn aláwọ̀ ilẹ̀ ló ń ṣẹ́kù, àwọn ló ń dàgbà, àwọn ló ń yé ẹyin. Lónìí kò sí funfun kan mọ́. Ẹnikẹ́ni kò yan àwọ̀ fún wọn. Àṣá pàápàá kò ní in lọ́kàn, oúnjẹ ló ń wá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn kòkòrò inú ẹsẹ̀ yín ṣe rí: àwọn tí òògùn lè pa ti lọ, àwọn tó kù ló bí èyí.

Ẹ wá bi mí pé, "Ṣé agolo mi ni àṣá yẹn?"

Mo ní rárá. Ẹ di ọwọ́ mi mú. Ṣé ẹ gbà mí gbọ́?

Ní ogójì ọjọ́ yín, agolo yẹn ni gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àfáà ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run fi ṣe ìmọ́lẹ̀ fún yín nínú sàréè. Mo ṣe àmín. Làmídì sì ṣèlérí pé agolo kò ní kúrò lórí pẹpẹ. Mo ṣe àmín sí ìyẹn náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwo kan tún dé ọ̀dọ̀ mi, ó jọ tiyín bí ìbejì. Ti obìnrin aránṣọ kan ní àdúgbò Lalala ni, ọmọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tó ń sọ Yorùbá bíi tiwa, Nàgó ni. Mo lọ kí i lórí ibùsùn rẹ̀. Ó ní òun ti lo òògùn agolo Bàbá fún ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún, pé ó fúyẹ́, kó tó tún padà wú. Ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi pé òun gbàgbé láti dá ìyókù padà. Wọ́n ti gé ìka méjì. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé agolo ló bí kòkòrò tirẹ̀ tàbí tiyín. Irú wọn pọ̀ nílùú, wọ́n sì lè gba ibòmíràn wọlé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé agolo yẹn ń gbá ilẹ̀ fún wọn lójoojúmọ́.

Mo lọ bá Làmídì pé kí ó gbé e fún mi. Ẹ mọ̀ ọ́n, kì í pariwo. Ó ń to àgádágodo, kò wo ojú mi. Ó ní, "Tí o bá gbé agolo yẹn lọ, o ti sọ fún gbogbo ayé pé Bàbá ló pa ara rẹ̀, tó tún ń pa wọ́n."

Mo ṣí agolo náà kí n lè rí nǹkan wò. Lábẹ́ àwọn pupa-òun-dúdú ni mo ti rí àpò ìwé kan, ìkọ̀wé ọwọ́ mi wà lára rẹ̀: òògùn eyín, ó ku mẹ́sàn-án.

Ṣé ẹ rántí? Wọ́n yọ eyín mi, wọ́n fún mi ní òògùn ọjọ́ méje, ìrora lọ ní ọjọ́ kẹta. Ẹ ní àlejò kan ń wúkọ́. Mo ti gboyè nígbà náà, mo ti ń kọ́ àwọn mìíràn pé kò dára. Mo ka ìyókù, mo kọ iye rẹ̀ sára ìwé, nítorí mo fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò, mo sì gbé e fún yín.

Mẹ́ta ló kù níbẹ̀. Mẹ́fà ti lọ. Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, ọjọ́ mẹ́ta. Ta ló lò wọ́n, Bàbá? Ṣé ẹni tó ń wúkọ́ náà ni?

Mo fi àpò náà han Làmídì. Ó kà á, ó tún un kà. Ó ti agolo náà sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Bí o bá máa sọ ọ́, kí orúkọ tìrẹ ṣáájú ti Bàbá."

Bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Lọ́la, bí wọ́n bá ti ń ti mọ́ṣáláṣí dé ṣọ́ọ̀bù, èmi yóò gbé àpò ìwé yẹn sókè kí n tó sọ ohunkóhun, èmi yóò sì ka orúkọ mi jáde. Lẹ́yìn náà ni n óò sọ ti àṣá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lè má kí mi mọ́. Wọ́n lè dẹ́kun àdúrà fún yín, ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù. Bí wọ́n bá dẹ́kun, tèmi kò ní dẹ́kun.

Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Agolo yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ kò mọ̀ pé àṣá ni. Èmi mọ̀, mo sì fún un lóúnjẹ.

Àwọn àwo mi ti tó wò. Ẹ sùn re.

Èmi ni ọmọ yín,
tó ń dáná fún kòkòrò.